Ìhunjọ Ojú Bàtà Ọ̀tún

Awòbàtà ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ara mi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín, orúkọ náà dùn létí mi ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ. Ohun tó fà á ni pé bí o bá gbé ògbólógbòó bàtà rẹ síwájú mi, tí mo dojú rẹ̀ dé, tí mo wo bí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe jẹ, màá sọ fún ọ bóyá o máa ń dúró pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bóyá o máa ń kánjú, bóyá èjìká kan ṣoṣo lo máa ń fi gbé báàgì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń rán bàtà. Ẹni tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kan, tí kò sì ní ẹnu díẹ̀, a jẹ́ pé kò mọ iṣẹ́ náà nìyẹn. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ rí nìyẹn.

Yàrá gbọọrọ kan ni ṣọ́ọ̀bù mi. Tábìlì tí mo ti ń gé awọ wà lábẹ́ fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló yẹ kéèyàn fi wo awọ. Àwọn ẹsẹ̀ onígi, èyí tí à ń na awọ lé lórí kó tó di bàtà, wà lára ògiri ní méjì méjì. Nínú yàrá ẹ̀yìn ni ìyàwó mi ti ń fi ẹ̀rọ rán aṣọ inú bàtà. Lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ńṣì kan wà fún àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ wọn, ibẹ̀ kì í sì í ṣófo. Àwọn mìíràn nínú wọn ò ní bàtà kankan láti tún ṣe. Ẹnu mi ni wọ́n wá gbọ́, èmi náà kì í sì í jẹ́ kí wọ́n lọ lófìfo.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ìyàwó mi ló mú un wá, torí pé ìyàwó mi kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan lọ láìyá ìwé ìtàn, àwọn méjèèjì sì ti di ọ̀rẹ́ lórí ìwé tí wọ́n ń yá, tí wọ́n ń dá padà. Ó ní bàtà búùtù ni òun fẹ́, kó ga dé òkè ọrùn ẹsẹ̀, kó jẹ́ awọ súwéédì, irú awọ tó ní irun múlọ́múlọ́ lójú, àwọ̀ búráùn. Mo ní kó bọ́ èyí tó wọ̀ wá, mo sì dojú rẹ̀ dé bí ìṣe mi. Àtẹ́lẹ̀ méjèèjì jẹ dọ́gbadọ́gba. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gún, ọ̀tún kò yàtọ̀ sí òsì. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sí i lójú. Mo rò pé ó wà lára àwọn tó fẹ́ràn ìyìn ni. Mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo dá ọjọ́ fún un, bàtà sì jáde lọ́jọ́ tí mo dá.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè kan ló padà dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó ti gbé bàtà lọ. Bẹ́ńṣì kún. Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níbẹ̀, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi náà sì wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ti jáde lọ ra òwú. Obìnrin náà kí gbogbo wa, ó bọ́ bàtà, ó gbé e ka orí tábìlì, ó sì rọra béèrè lọ́wọ́ mi bóyá bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Gbogbo bàtà ló ń hunjọ. Níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń ká, ìlà méjì tàbí mẹ́ta á là kọjá bíi ti iwájú orí àgbàlagbà, kò sì sí ẹjọ́ nínú ìyẹn. Bí ti òsì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ti ọ̀tún ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìhunjọ kan tó jìn bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín, ó dábùú ojú bàtà, ó sì gòkè lọ sí apá inú ọrùn ẹsẹ̀. Awọ tó wà lókè rẹ̀ wú, ó dẹ̀ bí àpò tí wọ́n kó nǹkan inú rẹ̀ kúrò. Bàtà tí kò tíì lo oṣù kan rí bíi bàtà ọlọ́dún mẹ́wàá. Obìnrin náà ṣàlàyé pé òun ti ki bébà bọ inú rẹ̀ mọ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, òun ti fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fẹ́ irun rẹ̀ dìde, òun tún gbé e sókè ooru kẹ́tùlù díẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí òun bá tún rìn dé ẹnu ọ̀nà, ibi kan náà ló ń hunjọ.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. Kí n ki ọwọ́ bọ inú bàtà, kí n fi àtàǹpàkò tẹ awọ náà láti inú, kí n gbọ́ ohun tí ó máa sọ. Ọmọ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ará bẹ́ńṣì ti dákẹ́, wọ́n ń wo ẹnu mi, ó sì pẹ́ tí wọ́n ti rí ẹni tó gbé bàtà mi padà wá fún mi. Mo ní kí obìnrin náà wọ̀ ọ́ padà kó rìn ká wò ó.

Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì. Mo ní kó padà. Ó padà. Mo ní kó tún un rìn, kó má sáré. Mo di apá mi, mo ń mi orí bíi dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ pé n kò rí nǹkan kan. Ó kàn ń rìn bí èèyàn tí àwọn àjèjì mẹ́rin ń wò lẹ́sẹ̀ ni.

Mo sọ fún un pé, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ló ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ ò gbé e sókè dáadáa. Bàtà ò ṣe nǹkan kan, ẹni tó wà nínú ẹ̀ ni."

Sójà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi obìnrin náà ránṣẹ́ sí bárékè fún oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ á gbọ́ràn. Dírẹ́bà búra pé òun ti rí i látìgbà tó ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán pé ọ̀tún ń lọ́ra. Aránṣọ ní òun náà rí i. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, bí a bá ti sọ fún èèyàn pé nǹkan wà níbì kan, ojú rẹ̀ á bá a wá a. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tèmi ló ròkè jù.

Obìnrin náà kò bínú. Mo fẹ́ kó bínú, nítorí tí oníbàárà bá bínú, ẹnu mi á rí ọ̀nà gbà. Ó kàn ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Ó ní, "Mo rò pé ó ti lọ ni." N kò bi í léèrè ohun tó rò pé ó ti lọ. Ó bọ́ búùtù méjèèjì sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ kan tó wà nínú báàgì rẹ̀, ó ní kí n má ṣèyọnu, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo la òun lójú. Nígbà tó ń jáde, ilẹ̀ ló ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan mú báàgì wá pé kí n fi súwéédì lẹ ibi tó ti ya. Mo rántí pé awọ búráùn yẹn ṣẹ́kù. Mo gbé e jáde, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì lábẹ́ fèrèsé, mo sì rí ohun tí ọwọ́ mi ti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹni tí kò rán bàtà rí lè máà mọ̀ ọ́n. Awọ odindi kan kì í lágbára dọ́gba. Ti ẹ̀yìn ẹran le, ó sì dì. Ti abẹ́ ikùn dẹ̀, ó ń fà kiri, ó sì máa ń wú. Kò sí aránbàtà tó mọ iṣẹ́ tó máa fi awọ ikùn ṣe ojú bàtà, ìyẹn ibi tó bo ọmọ ìka títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Inú ahọ́n bàtà là ń fi í pamọ́ sí, tàbí ká gé e ṣe okùn. Tí awọ bá ń dán lójú, èèyàn á rí ibi tó dẹ̀. Ṣùgbọ́n irun súwéédì máa ń bo àṣírí. Ọwọ́ la fi ń wá a. Bí a bá ti rí i, a ó fi ẹfun yí i ká. Wàhálà tó kù ni pé ojú irun la ti ń fàmì sí i, ẹ̀yìn awọ la sì ti ń gé e. Bí o bá ti yí awọ dé, àmì kò sí lójú mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi máa ń sọ pé kí n fi òòlu gún orí àmì ẹfun náà yíká kó lu já sẹ́yìn, kí ẹni tó bá mú ọ̀bẹ lè rí ihò wẹ́wẹ́ náà. Èmi náà ti fi í kọ́ ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá. Mo ti gbá òmíràn nínú wọn létí nítorí rẹ̀.

Níwájú mi lórí tábìlì, ní àárín gbùngbùn awọ ikùn, àyè kan wà níbi tí mo ti gé nǹkan kúrò. Àyè náà rí bí ojú búùtù, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kò sí ihò òòlu kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wá rántí ọjọ́ náà dáadáa. Mo ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tó wọ bàtà ìyàwó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ fún àwọn ará bẹ́ńṣì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo fi ẹfun yí ikùn awọ náà ká, mo yí i dé, mo sì gbé ọ̀bẹ.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ìyàwó mi ló jẹ̀bi, torí òun ló máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu awọ, ó sì ti nu ẹfun mi kúrò. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́. Ẹfun ì báà wà níbẹ̀ di ọ̀la, n kò ní rí i láti ẹ̀yìn. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí èmi tó ń ka ìrìn gbogbo ayé kò fi lè ka iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ńṣì láàárọ̀ yẹn, síbẹ̀ ojú tì mí débi pé mo wo ẹ̀yìn wò. Mo ká awọ náà, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn àwọn ẹsẹ̀ onígi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ìyàwó mi rí búùtù lábẹ́ tábìlì, ó bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ó ń hunjọ ni, mo fẹ́ wò ó. Ó káwọ́ lérí. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ọkọ̀ kan gbá obìnrin yẹn lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dá sí méjì? Oṣù mọ́kànlá ló fi tẹ ọ̀pá. Ó kọ́ ìrìn bí ọmọdé, ó ń di ògiri mú nínú ilé ìyá rẹ̀. Ó ti sọ fún ìyàwó mi pé òun ò ní sọ fún mi. Pé òun gbọ́ pé mò ń ka ẹsẹ̀ lára bàtà. Pé bí èmi Awòbàtà bá wo àtẹ́lẹ̀ òun tí n kò rí nǹkan kan, ìgbà yẹn ni òun máa gbà pé ara òun ti yá. Búùtù yẹn ni bàtà àkọ́kọ́ tó máa rà tí kì í ṣe ti aláìsàn. Ìyàwó mi ní ìdí nìyẹn tó fi sunkún ẹ̀rín lọ́jọ́ tí mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀n-hẹ́n."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó yẹ kí n ṣe ní wákàtí yẹn. Ilé ìkàwé kò jìnnà, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Mo gbé awọ tuntun, mo gé ojú bàtà ọ̀tún láti àárín ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó le jù, mo fi òòlu gún ibi tí kò tilẹ̀ nílò gígún. Mo tú èyí tó hunjọ kúrò, mo rán tuntun sí i. Mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é. N kò rán bàtà tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé e fún ìyàwó mi, mo ní kó bá mi gbé e lọ, kó sọ pé mo kàn fi ṣe é lóore ni, pé mo rán ojú bàtà náà kó le sí i kó lè gba ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu mi, n kò sì dá a dúró.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní obìnrin náà ti padà sí orí ọ̀pá. Ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé òun ò lè máa gun àkàbà mọ́, wọ́n sì ti gbé e jókòó sídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀. Ó gba bàtà náà, ó fọwọ́ pa á lára, ó sì dì í padà sínú páálí. Ó ní kí ìyàwó mi bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé n kò jẹ òun ní nǹkan kan, ẹsẹ̀ òun ló fà á. Ó ní òun á wọ̀ ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá tún yá. Ìyàwó mi wá dì mọ́ mi. Ó ní àwọn èèyàn ń sọ pé ẹnu mi mú jù, wọn ò mọ inú mi.

Bóyá kí ẹnì kan gbá mi létí ni ì bá sàn. Ìyàwó mi sọ oore náà fún aránṣọ, aránṣọ sọ ọ́ fún bẹ́ńṣì. Sójà dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Dírẹ́bà ní irú wa ò pọ̀ mọ́. Aránṣọ gbé ọsàn mẹ́fà wá fún mi nínú abọ́, pé òun rí i bí ọmọ yẹn ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà, àánú rẹ̀ ṣe òun, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo rántí rẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ. N kò lè jẹ ọsàn náà. Wọ́n wà lórí tábìlì títí èèpo wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ìyàwó mi sì ń bi mí bóyá inú ń run mí. Mo wá ń gé awọ láìsọ ìtàn. Àwọn ará bẹ́ńṣì rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ọjọ́rú kan ni mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo gbé awọ yẹn kalẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ. N kò sọ púpọ̀. Ìyàwó mi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí pẹ̀lú mi fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó wo ikùn awọ, ó wo àyè tó wà níbẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo sọ ìyókù fún un, bí mo ṣe mú obìnrin náà rìn lọ rìn bọ̀, àti ẹ̀rín tí a rín.

Ó ní, "Ẹ wá jẹ́ kí n máa gbé oore yín kiri àdúgbò."

Mo ní kó má bínú. Ó gbé aṣọ tó ń rán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó ṣe ìránṣọ náà. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà wà lórí tábìlì fún ẹnì kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kejì mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lágogo mẹ́wàá àárọ̀. Mo fi ìwé ìròyìn wé ojú bàtà tí mo tú kúrò, mo ká awọ sábẹ́ apá, mo sì rìn lọ sílé ìkàwé. N kò wọ ibẹ̀ rí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Yàrá ńlá kan ni, pẹpẹ ìwé ga dé òkè, àkàbà kékeré kan tó ní táyà wà lára rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ń ka ìwé ìròyìn lẹ́bàá fèrèsé. Obìnrin náà wà nídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn àwọn ìwé. Ọ̀pá rẹ̀ wà lára àga. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ dìde kí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, ohùn mi sì ròkè jù, arúgbó náà wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀.

Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ láti ilé. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo tẹ́ awọ náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Mo tú ìwé ìròyìn, mo mú ojú bàtà tó hunjọ jáde, mo fọwọ́ tẹ́ ẹ, mo sì gbé e sínú àyè tí mo ti gé e kúrò. Ó bá a mu géérégé. Mo ní kó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kó tún tẹ apá ẹ̀yìn ẹran. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe aránbàtà pàápàá á fọwọ́ mọ̀ ọ́n: ọ̀kan le, èkejì rọ̀ bí ìrọ̀rí.

Mo ní, "Ọwọ́ mi ni. Mo gé e níbi tí kò yẹ. Kò sí ẹsẹ̀ tí mo lè ki bọ inú ẹ̀ tí kò ní hunjọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ò ṣe nǹkan kan."

Ó ń fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ àyè náà yíká. Mo rò pé ó máa sunkún, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo mọ̀.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Mo ti múra sílẹ̀ fún kó ní kí n máa lọ. Ìbéèrè yẹn nìkan ni n kò múra sílẹ̀ fún, irọ́ méjì sì ti tò sórí ahọ́n mi kó tó sọ ọ́ tán. Mo lè sọ pé àná. Mo lè sọ pé ìgbà tí mò ń rán tuntun. Kò sí ẹni tó máa já irọ́ mi.

Mo ní, "Ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ lọ. Láàárọ̀."

Ó wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Mo mọ̀ pé ó ń ka ọjọ́, èmi náà ti kà á lójú ọ̀nà, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni. Ó rọra ká awọ náà, ó dì í tán, ó sì tì í sí ọ̀dọ̀ mi.

Ó ní, "Bàtà lẹ kọ́kọ́ bá mi tún ṣe."

Mo sọ pé màá sọ fún gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé èmi ni. Ó ní ó dáa. Ó ní kí n sọ fún wọn. Ó tún ní òun ti gbọ́, òun ò sì bínú sí mi tó bí mo ṣe rò, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí òun padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló sọ jẹ́jẹ́, torí ibi tí a wà.

Arúgbó náà pè é pé kó bá òun wá ìwé kan. Ó dìde. Ó wo ọ̀pá rẹ̀, ó wò mí, ó sì fi ọ̀pá náà sílẹ̀ lára àga. Mo mọ̀ pé nítorí ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ ni. Ó ń lọ sídìí pẹpẹ ìwé, ó ń wo ilẹ̀, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan sì ń fara kan ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ó ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ níwájú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Fúráìdè yẹn, nígbà tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀.